Níbo la ó gbé ìdọ̀tí sí tí a bá wakọ̀ wọ aginjù lọ pàgọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Houston là ń gbé, èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa méjì. A ti gba ìwé àṣẹ láti wa 4Runner wa gba ojú ọ̀nà White Rim ní Utah, a ó sì sùn lọ́nà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí a lọ pàgọ́ ní Big Bend lọ́jọ́sí, ọ̀rá ìdọ̀tí tí a kó sí búùtù ti ń rùn kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, omi rẹ̀ sì jò sára kápẹ́ẹ̀tì. Ìyàwó mi ní ká máa ṣí gíláàsì ẹ̀yìn sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo tún rí àwọn tó so àpò ìdọ̀tí mọ́ táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn. Ṣé kí n ra irú rẹ̀ ni, àbí kí n kàn fi okùn so ọ̀rá dúdú mọ́ kárìyà orí ọkọ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ ìrìn àjò o, ẹ bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti gíláàsì ẹ̀yìn, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Mo mọ̀ pé gíláàsì ẹ̀yìn 4Runner máa ń wọlẹ̀ pátápátá, ó sì ń wu èèyàn láti ṣí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Bí ọkọ̀ gíga bẹ́ẹ̀ bá ń lọ, atẹ́gùn ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń yí padà wọ inú ọkọ̀, á sì gbé èéfín sàláńsà dání. Gáàsì carbon monoxide tó wà nínú èéfín náà kò ní òórùn. Òun náà ló wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa odidi ìdílé mọ́ inú yàrá nílé. Àwọn ọmọ tó jókòó lẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ fà á símú, eruku pupa Utah yóò sì tẹ̀lé e wọlé. Ìdọ̀tí tó bá rùn débi tí ẹ fi fẹ́ ṣí gíláàsì, òun fúnra rẹ̀ ló yẹ kó bọ́ síta.

Kò sì síbi tí ẹ ó dà á sí lójú ọ̀nà. White Rim tó nǹkan bí 100 máìlì, ó yí ìsàlẹ̀ òkè Island in the Sky ká nínú ọgbà ìjọba tí wọ́n ń pè ní Canyonlands. Kò sí omi mímu níbẹ̀, kò sí àkìtàn. Gbogbo ohun tí ẹ bá gbé wọlé lẹ ó gbé jáde. Ṣalángá wà ní àwọn ibi ìpàgọ́, àmọ́ ẹ má da ìdọ̀tí sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fa ìgbẹ́ kò lè fa agolo àti ọ̀rá, òṣìṣẹ́ kan ni yóò dúró fà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ti ọ̀rá dúdú lórí kárìyà, rárá o. Iṣẹ́ mi ni kí n máa mú èèyàn gba àwọn ojú ọ̀nà wọ̀nyí, ọ̀rá tí atẹ́gùn ti fà ya ni mo sì ń ṣà jù lọ lẹ́yìn àwọn àlejò. Oòrùn á sọ ọ́ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ̀ka igi á gún un, okùn á gé e. Ohun tó mú kí èyí dùn mí ni ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹ ó rí àwọn ibì kan tí ojú iyanrìn dúdú, tó rí págunpàgun. Ohun ẹlẹ́mìí ló wà níbẹ̀: àwọn tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí, tí wọ́n ń pè ní cyanobacteria, ló so iyanrìn pọ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Ìtẹ̀sẹ̀ kan ṣoṣo lè ba ohun tó gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dúró jẹ́. Tí ọ̀rá bá wá ya, tí tíṣù àti bébà bísíkíìtì fò lọ sórí ilẹ̀ yẹn, ẹ ò lè fi wọ́n sílẹ̀, ẹ ò sì gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀ lọ kó wọn.

Àpò tí ẹ rí lẹ́yìn ọkọ̀ àwọn ẹlòmíì dára. Kánfáàsì tó nípọn ni wọ́n fi rán an, bẹ́líìtì rẹ̀ á gba ẹ̀yìn táyà kọjá, ihò kékeré á wà nísàlẹ̀ tí omi òjò ń gbà jáde, ẹ ó sì tẹ́ ọ̀rá sínú rẹ̀. Àmọ́ 4Runner yín ò ní táyà lẹ́yìn. Abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n so sípíà rẹ̀ mọ́. Jeep Wrangler tàbí Ford Bronco lẹ ó ti rí i, àwọn náà sì ní ìṣòro tiwọn: Wrangler tó jáde láti ọdún 2018, àárín sípíà ni kámẹ́rà ẹ̀yìn rẹ̀ wà, iná bíréèkì sì wà lókè táyà náà. Àpò tó bá kún bò wọ́n yóò fa ọlọ́pàá. Àwọn kan á sọ pé kí ẹ ra kárìyà tó ń wọ ìdí ọkọ̀. Mi ò ní gbà yín níyànjú bẹ́ẹ̀ ní White Rim, torí ọ̀nà ibẹ̀ ní àpáta alátẹ̀gùn, irú kárìyà bẹ́ẹ̀ á sì máa ha ilẹ̀ bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Orí ọkọ̀ náà ló kù, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìdọ̀tí ló ń lọ síbẹ̀ bákan náà. Èyí tó gbẹ ni kí ẹ kó sínú àpò kánfáàsì: bébà, ike, agolo tí ẹ ti ṣan tí ẹ sì ti tẹ̀ pẹlẹbẹ. Ìwọ̀nyí kì í rùn, wọn ò sì wúwo. Èyí tó tutù ló ba kápẹ́ẹ̀tì yín jẹ́ ní Big Bend, nǹkan líle tó ní ìdérí ló sì yẹ ẹ́. Garawa oníke gálọ̀nù 5 ni kí ẹ rà, èyí tí wọ́n ń yí ìdérí rẹ̀. Ẹ da iyẹ̀ igi gbígbẹ tàbí yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń tà fún ológbò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó lè máa mu omi. Ẹ dì í mọ́ kárìyà pẹ̀lú bẹ́líìtì méjì, kí ó má lè yí.

Ilé ìdáná yín ní Houston ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà, kí ẹ tó gbéra rárá. Oúnjẹ wa ń da omi. Ẹ se ọbẹ̀ kó ki, ẹ yọ egungun ẹran àti ti ẹja sílẹ̀ nílé, ẹ bọ́ mọ́ínmọ́ín kúrò nínú ewé, ẹ wá di gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá onísíìpù, kí ẹ tẹ́ wọn pẹlẹbẹ sínú fíríṣà. Lọ́nà, wọn ò ní jẹ́ kí yìnyín kúlà tètè yọ́. Ọ̀rá tí ẹ bá sì ti jẹ ọbẹ̀ inú rẹ̀ tán, ẹ má jù ú nù, inú rẹ̀ ni ẹ ó kó àjẹkù oúnjẹ tó kàn sí, ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ pa síìpù dé, ó di inú garawa. Bí ẹran ewúrẹ́ bá pọn dandan (mo mọ ilé wa), ẹ fi bébà tó nípọn wé egungun kí ẹ tó kó o. Ibi tí àdá gé mú gan-an, á gún ọ̀rá méjì já kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ òkè Shafer tán, ìyẹn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ọ̀nà ń gbà sọ̀ kalẹ̀ dé White Rim. Ẹ kó páálí sílẹ̀ nílé pẹ̀lú.

Nítorí àwọn ọmọ, ẹ mú ọ̀rá ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní lúbúlúbú tó ń mú omi dì dání, torí ṣalángá kì í sí nítòsí nígbà tí ìyàgbẹ́ bá dé. Kí ìyẹn ní ike tirẹ̀, kí nǹkan kan má bàa tẹ̀ ẹ́ bẹ́. Agolo gáàsì kékeré ti sítóòfù, kódà tó bá ti ṣófo, kò gbọdọ̀ wọ inú àpò ìta, oòrùn orí ọkọ̀ kì í ṣeré. Bátìrì náà bẹ́ẹ̀.

Lálẹ́, ohun gbogbo á sọ̀ kalẹ̀ wọ inú ọkọ̀, kí ẹ gbé gíláàsì sókè kí ẹ tó wọ àgọ́ lọ sùn. Ẹyẹ ìwò ibẹ̀ kì í dúró de ẹnì kan, wọ́n á ti balẹ̀ kí ojúmọ́ tó là dáadáa, wọ́n ń ya àpò, wọ́n sì mọ síìpù fà. Eku ní tirẹ̀, òru ló ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ Yosemite lẹ bá lọ lọ́jọ́ mìíràn, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Níbẹ̀, oúnjẹ tàbí ìdọ̀tí kì í sùn inú ọkọ̀, inú àpótí irin tí ọgbà náà pèsè ló ń wà, torí béárì á fa ilẹ̀kùn ọkọ̀ ya nítorí òórùn lásán.

Tí ẹ bá jáde sí títì ọlọ́dà, ẹ dúró lẹ́ẹ̀kan sí i. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ nígbà tí ẹ bá ń sáré 70 máìlì ní wákàtí kan kì í ṣe ẹgbẹ́ ti ojú ọ̀nà eléruku. Ẹ sọ àpò kánfáàsì kalẹ̀ sínú ọkọ̀ títí dé ìlú Moab, ọ̀nà ò jìn mọ́. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ rọ́ sínú ike ìdalẹ̀sí kékeré ẹ̀gbẹ́ ilé epo. Ẹ bi hòtẹ́ẹ̀lì tí ẹ bá wọ̀ sí bóyá ẹ lè lo tiwọn.

Kí ẹ tó sanwó fún àpò kankan, ẹ gbé páálí tó tó o sórí kárìyà, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn 4Runner yín sókè tán. Bí ó bá kan páálí náà, iwájú kárìyà ni ẹ ó so àpò àti garawa sí.