Oògùn tó gbà mí ló tún fìyà jẹ mí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bèèrè bóyá kí Màmá yín dá amiodarone, oògùn tó ń mú kí ọkàn lù déédéé, dúró nítorí ohun tẹ́ ẹ kà nípa rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ ara yín dá a dúró. Oṣù 11 ni mo fi lò ó ní Ìkẹ́rẹ́ níbí.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, bí mo bá gún iyán dé ìdajì, àyà mi á máa lù bí ìgbà tí bàtá bọ́ sọ́wọ́ ọmọdé: á sáré, á dákẹ́, á tún sáré. Dókítà ní iyàrá òkè inú ọkàn mi ló ń gbọ̀n, pé ẹ̀jẹ̀ lè dì síbẹ̀, kó gba ọpọlọ lọ, kó di rọpárọsẹ̀. Bisoprolol, oògùn tó ń dín eré ọkàn kù, ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi. Ó ń rẹ̀ mí bí ẹni tó roko. Ni wọ́n bá yí i sí amiodarone, pẹ̀lú warfarin tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì. Kò pé oṣù kan tí àyà fi balẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo gún iyán parí láìsinmi, mo jókòó ti odó, mo sunkún.

Lóṣù kẹjọ tí mo ti ń lò ó, mo ń sanra, òtútù ń mú mi lọ́sàn-án gangan, ohùn mi há. Ará ilé ní ogbó ló dé. Thyroid, ẹ̀yà ara tó wà níwájú ọ̀fun, ni kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Iodine, èròjà tí wọ́n ń fi sínú iyọ̀, pọ̀ nínú oògùn náà, ó sì lè da iṣẹ́ thyroid rú: hóró 200 mg kan ní nǹkan bí 75 mg. Ó yẹ kí wọ́n yẹ thyroid àti ẹ̀dọ̀ wò kí n tó gbé e mì, kí wọ́n sì máa tún un ṣe lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Níbi tí mo ti ń gbàtọ́jú, ẹnikẹ́ni ò dá a lábàá. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n bèèrè.

Warfarin ńkọ́? Amiodarone máa ń mú kó lágbára jù. INR, àyẹ̀wò tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, tó yẹ kó wà láàrin 2 sí 3 di 5.8, ẹ̀jẹ̀ ń yọ lérìgì mi bí mo bá fi pákò fọ eyín. Adó ni mo sáré lọ, wọ́n dín warfarin kù. Ẹnì kan ní kí n jáwọ́ nínú ẹ̀fọ́, torí pé ó lè dín agbára warfarin kù. Iyán láìsí ẹ̀fọ́, l'Ékìtì! Kò rí bẹ́ẹ̀: kí ìwọ̀n tí wọ́n ń jẹ má ṣáà máa yí padà lójijì ni.

Ẹ wo ìwé àyẹ̀wò Màmá: ìgbà wo ni wọ́n yẹ thyroid wò kẹ́yìn? Ẹ kó gbogbo oògùn wọn dání lọ sọ́dọ̀ dókítà, àgbo náà. Amiodarone lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ pẹ̀lú: bí ikọ́ gbígbẹ bá dé, tí èémí sì ń há, ẹ má dúró dọjọ́ tí wọ́n dá fún yín.