Ṣé Ẹ̀ṣẹ̀ Ni Kí Ọmọbìnrin Kọ Ọkọ Tí Bàbá Rẹ̀ Yàn Fún Un?

ÌBÉÈRÈ: Àsàláámù aléékúmù, Àlùfáà wa. Ẹ kú iṣẹ́ Ọlọ́hun. London ni mo ti ń kàwé. Mo ní ọ̀rẹ́ kan, ọmọ Kurdi, tó padà sílé wọn ní Sulaymaniyah, ní Iraq. Bàbá rẹ̀ ti fi í fún ọmọ arákùnrin rẹ̀; ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin náà yóò sì fẹ́ àbúrò ọkọ yẹn, láìsan sàdáàkì. Jin be jin ni wọ́n ń pè é. Níwájú àwọn àgbà, wọ́n bi í bóyá ó gbà. Kò fèsì, ẹkún ló ń sun. Wọ́n ní ìdákẹ́ ni ìyọ̀ǹda, àti pé ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀, Ọlọ́hun ló kọ̀. Ìyá rẹ̀ ti gbé aṣọ ìyàwó kọ́ sí yàrá rẹ̀. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni bó bá kọ̀?

ÌDÁHÙN: Wa aléékúmù sàláámù, ọmọ mi. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rárá. Ọ̀wọ̀ àti ìtọ́jú bàbá jẹ́ dandan lọ́rùn rẹ̀ títí ayé, ṣùgbọ́n Ọlọ́hun sọ nínú Súrà An-Nisa, ẹsẹ 19, pé kò tọ́ fún àwọn onígbàgbọ́ láti fi tipá jogún obìnrin.

Gbọ́ èyí dáadáa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀ràn ọ̀rẹ́ rẹ gan-an. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wá sọ fún Ànábì pé bàbá òun fi òun fún ọmọ arákùnrin rẹ̀, kó lè fi òun gbé ara rẹ̀ ga. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi ọ̀rọ̀ náà sí ọmọ yìí lọ́wọ́. Ọmọ náà ní òun fara mọ́ ohun tí bàbá òun ṣe, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kí àwọn obìnrin mọ̀ pé àwọn bàbá kò ní àṣẹ kankan lórí ọ̀rọ̀ náà. An-Nasai àti Ibn Majah ló gbà á wá.

Wọ́n lè sọ pé máàsíhàbù (ìlànà òfin ẹ̀sìn) Ṣáfíì, tí ọ̀pọ̀ Kurdi ń tẹ̀ lé, fún bàbá láyè láti fún wúńdíá lọ́kọ láìbi í. Ó wà nínú ìwé wọn lóòótọ́, n kò ní fi pamọ́ fún ọ. Àwa Màlíkì náà ní irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà ló de bàbá lọ́wọ́: kò gbọdọ̀ sí ìkórìíra tó hàn láàrin òun àti ọmọ, ọkọ gbọ́dọ̀ yẹ ẹ́, sàdáàkì náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń san fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Níbo ni sàdáàkì wà nínú jin be jin? Ànábì fúnra rẹ̀ kọ irú pàṣípààrọ̀ yìí, ṣígáàrì, nínú hádíìsì Bukhari àti Muslim. Àwọn Hánáfì, máàsíhàbù mìíràn, ní kò sẹ́ni tó lè fi tipá so yìgì fún obìnrin tó ti bàlágà, onímọ̀ ẹ̀sìn Ibn Taymiyya náà sọ bẹ́ẹ̀, èyí sì ni ọkàn mi fara mọ́.

Ní ti ìdákẹ́, ìtìjú wúńdíá ni Ànábì rò tó fi gbà á bí ìyọ̀ǹda. Ẹni tó ń sunkún níwájú àwọn àgbà ti fèsì, bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́.

Kó wá ẹni tí bàbá rẹ̀ ń gbọ́ tirẹ̀, àbúrò ìyá tàbí ìmáàmù wọn, kó bá a sọ̀rọ̀ ní ìdákọ́ńkọ́. Bó bá di pé wọ́n ń halẹ̀ mọ́ ọn, kó má dúró de àgbà kankan. Òfin Kẹjọ ọdún 2011 ní ẹkùn Kurdistan ti Iraq ka ìgbéyàwó tipá àti ti pàṣípààrọ̀ sí ìwà ipá nínú ẹbí. Kó lọ bá àwọn agbófinró, ẹ̀sìn kò bá a wí.