Ṣé òfin Nàìjíríà fi gbèdéke sí owó ìpolongo ìbò?

Bẹ́ẹ̀ ni. Lábẹ́ Òfin Ìdìbò ọdún 2022, èyí tí wọ́n fi dìbò ọdún 2023, olùdíje sípò ààrẹ kò gbọdọ̀ ná ju bílíọ̀nù 5 náírà lọ; ti gómìnà jẹ́ bílíọ̀nù 1. Ẹnì kan kò gbọdọ̀ fún olùdíje ní ohun tó ju mílíọ̀nù 50 lọ. Ẹgbẹ́ òṣèlú kò sì gbọdọ̀ gba owó tí a kò mọ ẹni tó fi sílẹ̀. Láàárín oṣù 3 lẹ́yìn èsì ìbò, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ jábọ̀ fún INEC, àjọ elétò ìdìbò, nípa owó tí àwọn èèyàn dá fún un.

Ìyà ibẹ̀ ló fúyẹ́ jù, lójú tèmi. Olùdíje tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ná kọjá ààlà lè fẹ̀wọ̀n jura fún ọdún kan, ó sì tún lè jẹ́ pé ìdá 1 nínú 100 gbèdéke náà péré ni yóò san. Fún ààrẹ, mílíọ̀nù 50 nìyẹn: iye tí olówó kan ṣoṣo lè dá fún un!