Lẹ́tà ìyá kò lè gbà ọ́ lọ́wọ́ káńsù

Àbúrò mi, o ní o fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù géèmù àlòkù ní Lọ́ńdọ̀nù, o wá ń bèèrè bóyá o lè ta géèmù 18, èyí tí kò yẹ fún ẹni tí kò tó ọdún 18, fún ọmọdé tí ìyá rẹ̀ bá fi lẹ́tà rán. Rárá o. Kí ìyá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá rà á. Tó bá délé tó kó o fún ọmọ, ìyẹn ò kàn ọ́.

Ẹni tó ní ìmọ̀ràn lásán ni nọ́ńbà PEGI, ìyẹn nọ́ńbà ọjọ́ orí tí wọ́n ń tẹ̀ sára géèmù ní Yúróòpù, kò fẹ́ràn rẹ. Ti 3 àti 7 ni ìmọ̀ràn. Láti oṣù Keje ọdún 2012, òfin ni 12, 16 àti 18 ní Bìrìtéènì. Tí o bá tà á fún ẹni tí kò tó ọjọ́ orí, ó lè já sí ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí owó ìtanràn, tàbí méjèèjì.

Ojú mi rí màbo lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀sán Sátidé ni, èrò kún ṣọ́ọ̀bù, ọmọ iṣẹ́ mi ló wà nídìí owó. Ọmọbìnrin gíga kan gbé géèmù 18 lé káńtà, ó sanwó, ó gba ṣéńjì, ó jáde. Kò pẹ́ ni ọkùnrin kan wọlé, káàdì káńsù, àwọn tó ń ṣọ́ òfin yìí, lọ́rùn rẹ̀. Àwọn ló rán ọmọ náà! Wọ́n ti ki géèmù ọ̀hún sínú ọ̀rá, wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, àfi bíi pé a pànìyàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí, wọ́n tan ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀, wọ́n ní ohun tí mo bá sọ lè dé kóòtù. Mo ní èmi ò tilẹ̀ sí ní ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin tó jókòó níwájú mi ò gbójú sókè: "Ìwé dà?" Ìwé wo? Èyí tí ọmọ iṣẹ́ fọwọ́ sí pé mo kọ́ ọ lófin, àtèyí tí à ń kọ àwọn tí a kò tà fún sí. Nígbà tí mò ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, ta ló fún mi ní pépà kan? Owó ni wọ́n mọ̀ ọ́n gbà. Oorun ò kùn mí títí wọ́n fi kọ ìkìlọ̀ ránṣẹ́.

Òfin fàyè gba ọ̀gá tó bá lè fi hàn pé òun ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀. Ìwé méjèèjì yẹn ni ẹ̀rí rẹ. Ti pé kí o béèrè káàdì ìdánimọ̀ kí o tó tà, o mọ̀ ọ́n. Pààrọ̀ náà ò yọ sílẹ̀ o: tí ọmọdé bá gbé géèmù bọ́ọ̀lù wá kó o fún un ní 18, títà náà ni lójú òfin.

Àwọn ará Houston ní Amẹ́ríkà á máa pariwo pé kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn ni. California ṣe é ní 2005, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sì fagi lé e ní 2011, adájọ́ 7 sí 2, wọ́n ní géèmù náà wà lábẹ́ òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ. Má sọ ìyẹn níwájú káńsù. Géèmù àgbàlagbà tí wọ́n bá sì kó wá láti ọ̀hún, M, àmì ọjọ́ orí tiwọn, ló máa ń wà lára rẹ̀, kì í ṣe 18 ti PEGI. Èmi kì í gbà á wọ ṣọ́ọ̀bù, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.