Èsì fún àbúrò tó ń dá Python kọ́ ní Àpáta

Àbúrò, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní oṣù keje rèé tó o ti ń dá Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ́ nínú yàrá rẹ, o sì ń bi wá bóyá ó tó nǹkan kó o máa wọ máíkírà méjì ní gbogbo Sátidé, Àpáta sí Dùgbẹ̀, Dùgbẹ̀ sí Agbowó, torí àwọn kan tó ń jókòó yí laptop ká láti jọ kọ́ ọ. Owó ọkọ̀ kì í ṣe ohun à ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn lásìkò yìí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Jẹ́ kí n kàn sọ ohun tí ojú tèmi rí.

Èmi náà dá a kọ́. Ọdún 2019 ni, ní Òjóò, òru ni mo sì máa ń ṣe é torí òru ni iná máa ń wá. Ìwé fọ́tòkọ́pì kan ni mo ń tẹ̀ lé. Mi ò mọ̀ pé Python 2, ẹ̀dà àtijọ́, ló wà nínú ìwé náà, Python 3 ló sì wà lórí laptop mi. Ti print, àṣẹ tó ń gbé ọ̀rọ̀ sójú kọ̀ǹpútà, kò le, Python fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé mo gbàgbé àkámọ́. Èyí tó dá mi lágara ni pípín. Ìwé ní 7 / 2 jẹ́ 3. Laptop mi ní 3.5 ni. Tíṣà ìṣirò mi nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà ní 3.5 ni, ṣùgbọ́n ìwé ni mo gbà gbọ́! Òru méjì gbáko ni mo fi ń wá ibi tí mo ti ṣe é ṣì. Ẹni tó bá jókòó tì mí ì bá ti sọ ọ́ kí n tó parí ọ̀rọ̀ pé ìwé mi ti gbó, pé láti 2008 ni Python 3 ti jáde, pé àwọn tó ni èdè náà máa pa Python 2 tì ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2020.

Síbẹ̀ mi ò wá ẹnikẹ́ni. Mo ti kọ́kọ́ lọ sí ibì kan, mi ò ní dárúkọ wọn. Mo béèrè ìdí tí ìlà kóòdù kan fi gbọ́dọ̀ wọlé ju èkejì lọ, wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀gá kan sì ní kí n lọ ka ìwé. Ìwé wo? Èyí tó ní 7 / 2 jẹ́ 3? Mo gbé báàgì mi.

Ohun tó padà lé mi jáde ni ọ̀rọ̀ ọjà Bódìjà. Màmá mi wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn tó ń ta ẹ̀wà, èmi ni mo sì fẹnu ara mi sọ pé n óò kọ ohun tí yóò máa bá wọn ṣírò owó. (Nígbà tí màmá gbọ́ orúkọ èdè náà, wọ́n ní, "Òjòlá? Kí lẹ fẹ́ fi òjòlá ṣe?" Mo ní kì í ṣe ti ejò, pé àwọn aláwàdà kan nílùú ọba ni Guido van Rossum, ẹni tó dá èdè náà sílẹ̀, fi sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n ní ìyẹn gan-an ló wá burú jù.) Iṣẹ́ náà kò lọ́jú pọ̀. Orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà nínú fáìlì tí èmi fi laptop tẹ̀. Akọ̀wé wọn ń fi fóònù tẹ orúkọ àwọn tó ti san, á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kóòdù mi á fi méjèèjì wéra, á sì kó àwọn tó jẹ gbèsè jáde.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ó pe màmá kan ní onígbèsè lójú gbogbo wọn. Ìyá Adébáyọ̀ là ń pè wọ́n, Adébáyọ̀ ni orúkọ tó wà nínú fáìlì. Wọ́n ti san, rìsíìtì wà lọ́wọ́ wọn. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n kàn wo màmá mi, wọ́n tún rìsíìtì náà dì sétí ìró wọn, wọ́n jókòó.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń wo orúkọ méjèèjì. Adébáyọ̀, Adébáyọ̀. Python ní wọn kò dọ́gba. Ìgbà tó sú mi ni mo wá gbé laptop lọ bá àwọn tó wà ní Agbowó. Ọmọ yunifásítì kan tí mo fi bí ọdún mẹ́jọ jù lọ ló sún mọ́ mi. Kò fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi len ka ìkọ̀ọ̀kan fún wa." Mo kà á; len ló ń sọ iye ẹyọ tí Python rí nínú ọ̀rọ̀. Ti fóònù jẹ́ 8. Ti laptop jẹ́ 11. Lójú tèmi, lẹ́tà méje ni!

Bí ó ṣe rí nìyí. Lórí fóònù akọ̀wé, é àti á jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ọ náà jẹ́ ẹyọ, ṣùgbọ́n àmì ohùn tó wà lórí ọ̀ dá dúró. Lórí laptop mi, gbogbo àmì ló dá dúró, títí kan ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ ọ. Ojú wa ń rí nǹkan kan náà, Python ń rí ìlà nọ́ńbà méjì tí kò jọra. Ohun tó tún un ṣe, tó sọ kíkọ orúkọ méjèèjì di irú kan náà, kò ju èyí lọ:

import unicodedata
oruko = unicodedata.normalize("NFC", oruko)

Fi ṣe orúkọ méjèèjì kó o tó fi wọ́n wéra. Ìdánwò tí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀ kò lè fi hàn mí láé, torí orúkọ tí èmi nìkan fi laptop kan ṣoṣo tẹ̀ ni mo fi dán an wò. Mo lọ bẹ màmá yẹn ní ìsọ̀ wọn. Wọ́n wọn ẹ̀wà kóńgò kan fún mi.

Ní Sátidé kejì, wọ́n ní kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin kan béèrè pé kí ló dé tí é fi ní ẹyọ tirẹ̀ tí ọ̀ kò ní. Ẹnu mi wọhò. Gbogbo wa la jọ wá a lọ́jọ́ náà: é ti wà nínú ètò àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ torí àwọn èdè bíi Faransé, Unicode, ètò tí àwọn kọ̀ǹpútà òde òní fi ń sọ lẹ́tà di nọ́ńbà, sì kó o wọlé bẹ́ẹ̀, ọ̀ kò bá wọn dé, wọn kì í sì í fi irú rẹ̀ kún un mọ́. Ìbéèrè ọmọ yẹn ló jẹ́ kí n mọ ohun tí mo ti ń fi ṣiṣẹ́.

Ti dátà ńkọ́? Ẹni tó bá ní i lọ́sẹ̀ yẹn á fi pip download, àṣẹ tó ń kó irinṣẹ́ Python wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kó gbogbo ohun tá a nílò sórí flash, àwa yòókù á fi sórí ẹ̀rọ wa láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Epo jẹnẹrétọ̀ la máa ń dá. A tún máa ń jà níbẹ̀ o, pàápàá lórí ẹni tó jẹ gbèsè owó epo.

Nítorí náà lọ lẹ́ẹ̀kan. Má gbé iṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ, èyí tó ti ń dà ọ́ láàmú ni kó o gbé. Jókòó sẹ́yìn, kó o wo ohun tí wọ́n máa ṣe fún ẹni tó bá béèrè ìbéèrè tó kéré jù lọ. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, tàbí tí ẹnì kan bá gba kíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀ tó tẹ ìdáhùn fún un tán tó sì bá tirẹ̀ lọ, padà sí Àpáta. Bí wọ́n bá ní "jẹ́ ká jọ wò ó", dúró. Mú wáyà ẹ̀rọ tó ní ihò púpọ̀ dání: ihò iná kan ló wà lára ògiri yẹn, kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ẹnì kan á ti gbà á.