Ẹ̀yìn ń dùn ọ́, àyẹ̀wò kò sì rí nǹkan kan

Àbúrò mi, ìbéèrè méjì ni o béèrè. O ní o kò tíì pé ọmọ ọdún 25, ẹ̀yìn sì ti ń dùn ọ́ láti ọdún tó kọjá. Wọ́n ya X-ray, wọ́n ya MRI, dókítà ní òun kò rí nǹkan kan, àwọn ará ilé wá ń wò ọ́ bí ọ̀lẹ. O fẹ́ mọ̀ bóyá ọkàn rẹ ló ń dá ìrora náà sílẹ̀, àti bóyá kí o fi iṣẹ́ tí ò ń fi ìjókòó ṣe sílẹ̀. Mo kéré sí ọ nígbà tí tèmi bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì fi mí sílẹ̀ títí di òní.

Ìrora rẹ kì í ṣe irọ́. Ohun tí dókítà ń wá nínú àwòrán ni eegun tó ṣẹ́, jẹjẹrẹ, kòkòrò àrùn tó wọ eegun, tàbí iṣan ìmọ̀lára tí nǹkan tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ó bá ní òun kò rí nǹkan, ohun tó ń sọ ni pé òun kò rí ìkankan nínú wọn, kò sọ pé kò dùn ọ́. Àwòrán àti ìrora kì í sábà rìn pọ̀. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lórí àwọn èèyàn tí ẹ̀yìn kò dùn rárá, wọ́n sì rí i pé nínú àwọn ọmọ 20 ọdún, nǹkan bí 37 nínú 100 ni dísìkì àárín eegun ẹ̀yìn wọn ti ń gbó. Nínú àwọn ẹni 80 ọdún, 96 ni. Bí ẹni tí dísìkì rẹ̀ ti gbó ṣe lè máa sáré kiri, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí àwòrán rẹ̀ mọ́ tónítóní lè má lè bẹ̀rẹ̀ mú bàtà. Bí ìrora bá ti kọjá oṣù mẹ́ta, iṣan ìmọ̀lára àti ọpọlọ a máa dà bí ajá tí olè ti wọ ilé olówó rẹ̀ rí, tó wá ń gbó ewé tó bá já. Gbígbó yẹn kì í ṣe àròsọ, ara ló ti ń wá.

Àmọ́ má tètè gbà pé kò sí ìdí kankan. Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní axial spondyloarthritis, ìyẹn àrùn tó ń mú kí oríkèé eegun ẹ̀yìn wú, tí ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí èèyàn tó pé ọdún 45, tí X-ray sì lè má rí i fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àmì rẹ̀ yàtọ̀: ẹ̀yìn a máa le gan-an láàárọ̀ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìrora a máa jí èèyàn nígbà tí ilẹ̀ bá ń súnmọ́ àtimọ́, ìrìn a máa dín in kù, ìsinmi a sì máa dá a padà. Béèrè ibi tí wọ́n ya MRI rẹ sí, nítorí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n sábà máa ń yà, nígbà tó jẹ́ pé oríkèé tí eegun ẹ̀yìn ti pàdé eegun ìbàdí ni ó yẹ kí wọ́n wò. Nígbà tí mo kọ àkókò tí ìrora ń jí mi àti bí líle ẹ̀yìn ṣe ń pẹ́ tó sínú ìwé, ni dókítà kan tó fi mí ránṣẹ́ sí onímọ̀ àrùn oríkèé. Kò rí i lára mi, ṣùgbọ́n mo ti lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọ́n wò ó. Ohun kan kò sì gbọdọ̀ dúró de ìwé kankan: bí abẹ́ rẹ bá ń kú tipiri, bí ìtọ̀ kò bá jáde mọ́ tàbí tí o kò lè dá a dúró, bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni, lọ́jọ́ náà gan-an.

Ohun tó mú kí ayé mi padà bọ̀ sípò ni pé mo fi aago ṣe ọ̀gá dípò ìrora. Ọjọ́ tí ara bá yá ni ọjọ́ tó léwu jù, nítorí ọjọ́ náà ni èèyàn máa ń fẹ́ san gbogbo gbèsè iṣẹ́ ilé, tí yóò sì fi ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e dùbúlẹ̀. Ní báyìí, mo máa ń dìde lórí àga kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Bí mo bá jí láàárọ̀, màá fi ẹ̀gbẹ́ yí, màá jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì bọ́ sílẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, màá wá fi ọwọ́ ti ara mi sókè. Bí mo bá fẹ́ wọ ìbọ̀sẹ̀, màá gbé ẹsẹ̀ lé orúnkún kejì, mi ò ní bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ sín, ọwọ́ mi ti wà lára ògiri. Mò ń rìn lójoojúmọ́, yálà ọjọ́ dára tàbí kò dára, nítorí dídùbúlẹ̀ pẹ́ títí a máa sọ iṣan di aláìlágbára. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 náà fara mọ́ eré ìmárale àti ìtọ́jú ọkàn àti ìrònú, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ sí bẹ́líìtì ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ni kò fọwọ́ sí oògùn apàrora irú ti opioid (bíi morphine àti tramadol). (Mo mọ̀ pé àwọn tó ń ta bẹ́líìtì kò ní fẹ́ gbọ́.) Bí wọ́n bá ní kí o rí onímọ̀ ọkàn, má ṣe bínú, àìróorunsùn àti ìbànújẹ́ a máa dá kún ìrora, ìrora náà a sì máa dá kún wọn.

Ní ti àwọn ará ilé, mi ò ṣàlàyé bí ó ṣe ń dùn mí fún ẹnikẹ́ni mọ́, nítorí ẹni tí kò dùn rí kò lè mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo lè ṣe ni mò ń sọ: “Mo lè fọ abọ́, mi ò lè gbé garawa omi.” Àríyànjiyàn dín kù gan-an.

Má tíì fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀. Ìjókòó fúnra rẹ̀ kọ́ ni ọ̀tá, ìjókòó láìdìde ni. Lọ bá ọ̀gá rẹ pẹ̀lú ìwé láti ọ̀dọ̀ dókítà, kí o sì tọrọ ohun tó ṣe pàtó: àyè láti dìde ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tábìlì tí o lè dúró lò fún apá kan ọjọ́, àti ìyọ̀ǹda láti dúró níbi ìpàdé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń bi ọ́ léèrè. Bí wọ́n bá kọ gbogbo rẹ̀, nígbà náà ni kí o wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ mìíràn, nígbà tí o ṣì wà lẹ́nu èyí.