Èsì fún ẹni tó fẹ́ ṣí péèjì fún Ado Onaiwu

Àbúrò, o ní o fẹ́ ṣí péèjì lórí ìkànnì ayélujára fún Ado Onaiwu, agbábọ́ọ̀lù Japan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, o sì béèrè aago tó dára jù láti máa kọ nǹkan síbẹ̀ kí àwọn ará Japan lè rí i. Mo ti ní irú péèjì yẹn rí, fún òun náà gan-an. Ọdún méjì ni mo fi tọ́jú ẹ̀ kí iléeṣẹ́ tó ni ìkànnì náà tó pa á rẹ́.

Ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 2021 ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá. Lọ́jọ́ náà, Japan na Kyrgyzstan ní 5-1 níbi tí wọ́n ti ń du àyè láti lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, Onaiwu sì gbá mẹ́ta wọlé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà, pẹ́náritì ni ti àkọ́kọ́. Èmi náà gé fídíò góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo gbé e síta. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Ẹni tó ra ẹ̀tọ́ láti fi eré náà hàn ló ni fídíò yẹn, kì í ṣe èmi. Ìkìlọ̀ wọn ń lọ sí ímeèlì kan tí mi ò lò mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, mo ṣí fóònù: níbi tí fótò ẹ̀ máa ń wà, àmì róbótó aláwọ̀ eérú ló wà níbẹ̀. Gbogbo góòlù 22 tó gbá fún Renofa Yamaguchi, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Japan, ní 2018, tí mo tò lọ́kọ̀ọ̀kan, ti lọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí iléeṣẹ́ náà. Èsì kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, kọ́mà kan ò yí padà. Ẹni tó ń dáhùn kò ka ohun tí mo kọ, bó bá tiẹ̀ jẹ́ èèyàn. Inú ṣì ń bí mi. Ká ní wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ bí èèyàn pé kí n yọ fídíò náà, ojú ẹsẹ̀ ni ǹ bá ti yọ ọ́.

Nínú ìrora yẹn, ẹnì kan kàn sí mi pé òun ń bá iléeṣẹ́ náà ṣiṣẹ́, kí n san ọ̀kẹ́ méjì náírà. Mo san án. Kò gbé fóònù mi mọ́. Olè ni ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á fi owó bá ọ gba péèjì padà. Olè náà ni ẹni tó bá fi orúkọ agbábọ́ọ̀lù tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ.

Ohun tó yẹ kí n tètè mọ̀ ni ti orúkọ. A máa ń rò pé èrò ò mọ̀ ọ́n, nítorí lẹ́tà tiwa la fi ń wá a. Àwọn ará Japan máa ń fi orúkọ ìdílé ṣáájú, báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́: オナイウ阿道. Dà á kọ síbi tá a ti ń wá nǹkan, wàá rí ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ. Má fi Onaiwu nìkan wá a o, Joji àbúrò rẹ̀ náà ń gbá bọ́ọ̀lù, mo ti rí péèjì tó gbé fótò àbúrò síbi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n.

Ọ̀rọ̀ tìrẹ ni kó o máa kọ. Ó wà ní Toulouse, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní France, nígbà tí wọ́n gòkè lọ sí Ligue 1, líìgì tó ga jù níbẹ̀, ní 2022, ó tún wà ní Auxerre, ẹgbẹ́ mìíràn níbẹ̀, nígbà tí àwọn náà gòkè ní 2024. Ta ló ń sọ ìyẹn ní Yorùbá? Fótò, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó yà á. Ṣíṣí péèjì fúnra ẹ̀ kò le.

Ti aago tó o béèrè: wákàtí mẹ́jọ ni Japan fi ṣáájú Nàìjíríà. Aago mọ́kànlá àárọ̀ wa ni aago méje alẹ́ tiwọn, ìgbà yẹn ni kó o gbé e síta.